Tẹlifíṣọ̀n Tí Ògúnṣẹ̀yẹ Rà

Ògúnṣẹ̀yẹ kì í ṣe ahun. Ẹni tó bá pè é ní ahun kò mọ̀ ọ́n. Gáàdì ni nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé bí ó bá ń kọjá ní àdúgbò Igbona, ní Òṣogbo, "Ọ̀gá Rélùwéè" ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Pálọ̀ kan àti yàrá méjì ló háyà nínú ilé kan tó ní iná mànàmáná. Àga tìmùtìmù wà níbẹ̀, rédíò tó ń gbé ohùn láti òkè òkun wá náà wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni kò fẹ́ rà, òun gan-an sì ni ìyàwó rẹ̀, Adétutù, ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rà.

Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni àwọn méjèèjì. Ọmọ mẹ́ta ni Adétutù bí; méjì kú ní kékeré, Amos nìkan ló kù. Nígbà tí Amos jáde ilé ìwé, baba rẹ̀ wá iṣẹ́ fún un ní ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ọmọ náà ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ sójà, ó lọ forúkọ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀ ni baba rẹ̀ tó gbọ́.

"Iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo jù lọ, òun lo fi sílẹ̀ yìí?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Gbogbo ayé ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi lọ síbi tó wù wọ́n. Èmi nìkan ni mi ò lọ síbì kankan."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kó yé ọ o. Bí o bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí, n ò ní wojú ọ̀nà dè ọ́."

Amos dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbé àpótí páànù rẹ̀ lé èjìká. Ìyá rẹ̀ ló sìn ín dé ibi ọkọ̀. Ògúnṣẹ̀yẹ kò dìde lórí àga.

Ní òdìkejì títì, ọ̀kánkán ilé wọn, ni Nọ́síràtù ń gbé, ọmọbìnrin alájé kan tó ń ta aṣọ. Ọkọ rẹ̀, Mùstàfá, ní lọ́rì tó ń kó kòkó, òun ló sì kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n ní òpópónà náà. Ńlá ni, onípákó dídán, tó ní ilẹ̀kùn méjì bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ínṣì mẹ́tàlélógún ni wọ́n ní ojú rẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, àwọn ará àdúgbò á kún pálọ̀ Mùstàfá, àwọn tí kò ráyè wọlé á sì dúró lójú fèrèsé.

Nọ́síràtù fẹ́ràn Adétutù bí ẹ̀gbọ́n. Òun ló sọ fún un pé, "Ìyá Amos, wọ́n máa ń fi àwọn sójà hàn bí wọ́n bá ń ka ìròyìn. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ta ló mọ̀, ẹ lè rí Amos."

Láti ọjọ́ náà ni Adétutù ti ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, nítorí kò fẹ́ dí onílé lọ́wọ́. Kò gbọ́ èdè òyìnbó tí wọ́n fi ń ka ìròyìn, ṣùgbọ́n bí àwọn sójà bá ti yọ, á na ọrùn, á máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ògúnṣẹ̀yẹ ti ẹnu iṣẹ́ dé, ó rí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu ọ̀nà Mùstàfá. Ó kọjá lọ. Ó dúró dè é nílé.

"Ìwọ ìyàwó mi, lo jókòó sẹ́nu ọ̀nà onílé bí ẹni tó wá fọn iná?"

"Ọmọ mi ni mo ń wá níbẹ̀."

"Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú àpótí yẹn. Má dé ibẹ̀ mọ́."

"Ẹ ra tiwa nígbà náà, Bàbá Amos."

"Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹni tó bá kánjú rà á ló ń ra àléébù rẹ̀. Jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀."

Bó ṣe ń dá a lóhùn nìyẹn ní gbogbo ìgbà. Nígbà òjò, ó ní mànàmáná lè ti ara èríà, irin tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé fún un, wọlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní iná kò dúró dáadáa, ó lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ó tún ní ogun ti fẹ́ parí, pé bí ó bá parí ọjà á wálẹ̀, èyí tó dára jù lọ á sì dé. Adétutù gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kò dé ilé Mùstàfá mọ́. Ìyàwó tó mọ iyì ọkọ ni, ohun tó sì dùn ún jù lọ lẹ́yìnwá ọ̀la nìyẹn, pé òun gbọ́ràn.

Àárín òjò ọdún 1968 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Adétutù wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣan ewé tó fẹ́ fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ó gbọ́ ohùn Nọ́síràtù láti òdìkejì títì.

"Ìyá Amos! Ìyá Amos o! Ẹ sáré! Ẹ máa bọ̀!"

Ó ju ewé sílẹ̀. Ó sáré la ojú títì kọjá, ìró rẹ̀ ń tú, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lanà fún un nínú pálọ̀. Ohun tó bá lójú tẹlifíṣọ̀n ni ọkùnrin kan tó de táì, tó jókòó sídìí tábìlì, tó ń ka ìwé.

"Ó ti kọjá," ni Nọ́síràtù wí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí. "Ìyá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá báyìí ni."

"Ta ni?"

"Amos ni! Orí ọkọ̀ sójà ló wà. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ẹ̀yìn ọrùn bó ṣe máa ń ṣe. Mo rí àpá tó wà lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún. Ó rẹ́rìn-ín, mo rí èjí rẹ̀."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àpá yẹn, ọjọ́ tí Amos já lórí igi obì ní Ìpetu ló gbà á.

"Ṣé ó rù?"

"Kò rù, ìyá."

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín sí?"

"Ó dà bíi pé àwa tí à ń wò ó ni."

Adétutù yíjú sí Mùstàfá. "Bàbá Ilé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní tún un ṣe?"

Mùstàfá rẹjú sílẹ̀. "Ìyá, bó bá ti kọjá, ó kọjá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bẹ Ọlọ́run pé kó dá a padà láyọ̀."

Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un. Ẹnì kan ní ó ti dúdú sí i. Tọ̀hún ní ó ti ga. Àwọn ọmọ tí kò mọ orúkọ baba Amos ń ṣí fìlà tí kò sí lórí wọn, wọ́n ń sín ẹ̀rín rẹ̀ jẹ. Adétutù ń kí wọn pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ó sì padà sídìí ewé rẹ̀.

Nígbà tí Ògúnṣẹ̀yẹ ti ìrìn àjò Ọ̀fà dé lọ́jọ́ kejì, kò tíì bọ́ bàtà tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ fún un. "Gbogbo Igbona ló rí ọmọ mi lánàá. Àwọn tó dúró lójú fèrèsé pàápàá rí i. Èmi tí mo bí i nìkan ni n ò rí i."

Ògúnṣẹ̀yẹ bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn ì bá ti jáde lọ́la lọ ra tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n bí ó bá rà á lọ́la, á jẹ́ pé ó gbà pé òun lòun fà á. Ó dákẹ́ títí òjò fi lọ. Ìgbà tí Kérésìmesì kù fẹ́ẹ́fẹ́ ló tó sọ fún Adétutù pé kó wọṣọ, kí àwọn lọ sí ilé ìtajà.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n lọ, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, Ọlọ́rundáre, tan méjì sílẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan jọ ti Mùstàfá. Ìkejì jẹ́ ínṣì méjìlá, ó ní ọwọ́ lókè tí èèyàn lè fi gbé e bíi báàgì. Ọmọbìnrin kékeré kan ń kọrin nínú méjèèjì. Nínú ńlá, Adétutù rí eyín ọmọ náà, ó rí okùn tí wọ́n fi di irun rẹ̀. Nínú kékeré, ẹnu ọmọ náà dà bí ojú abẹ́rẹ́.

"Bàbá Amos, èyí ni o," ló wí, ó fọwọ́ kan ńlá.

"Ẹni tó wà nínú ńlá náà ló wà nínú kékeré."

"Òun náà ni. Ṣùgbọ́n n ò rí i dáadáa."

"Bí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí i."

"Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀, Bàbá Amos. Ojú ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ rí."

Ọlọ́rundáre dá sí i. "Bàbá, bó bá jẹ́ ti owó ni, a lè bá yín—"

"Kì í ṣe ti owó."

Òótọ́ ló sọ. Owó tó lè ra èyí ńlá náà wà lápò rẹ̀. Torí rẹ̀ gan-an ló ṣe mú un dání. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe dúró níwájú àpótí onílẹ̀kùn méjì yẹn, ó ro ti ìrọ̀lẹ́ kan tí òun á jókòó sí pálọ̀ òun, tí Amos á yọ, tí ojú rẹ̀ á tóbi tó ojú èèyàn gidi, tí á sì máa wo òun. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ọkùnrin tó ní òun kò ní wojú ọ̀nà kò lágbára pé kí ọmọ wo òun lójú.

"Ńlá á máa kó èrò wá bá wa," ló sọ. "Di kékeré fún wa."

Ọwọ́ kan ló fi gbé e délé.

Adétutù kò ṣàròyé. Ìdí tẹlifíṣọ̀n náà ló máa ń jókòó sí, ó sún mọ́ ọn débi pé èémí rẹ̀ ń bo gíláàsì rẹ̀, á fi etí ìró nù ún. Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún tuntun, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí Ògúnṣẹ̀yẹ ń jẹ iyán, àwọn sójà kan ń gba orí afárá kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀kan lára wọn yíjú, ó ṣí fìlà.

"Amos! Bàbá Amos, òun nìyẹn! Ẹ wò ó!"

Ògúnṣẹ̀yẹ gbójú sókè. Ohun tó rí ni orí kéékèèké tó tò bí èso ẹ̀wà. Kó tó sún mọ́ ọn, wọ́n ti kọjá.

"Ṣé ẹ rí i?"

"N ò rí ojú ẹnì kankan."

"Òun ni! Ó fi fìlà nu ọrùn!"

"Adétutù, sójà wo ni kì í làágùn?"

Kò gbọ́ èyí. Ó ti wà lójú títì. Ó bá Nọ́síràtù níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Nọ́síràtù, ṣé ò ń wo ìròyìn? Ṣé o rí àwọn tó ń gorí afárá? Ẹni tó ṣí fìlà, Amos ni, àbí?"

Nọ́síràtù ti rí ọkùnrin náà gbangba. Onírùngbọ̀n ni, ó dàgbà ju Amos lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Adétutù, ó rántí ọjọ́ tí obìnrin yìí wá bá tábìlì àti táì nínú pálọ̀ òun. Àánú ṣe é.

"Ó jọ ọ́ o, ìyá," ló sọ. "Òun ni."

Adétutù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, ó ń sanra. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́jà. Ó ra ẹ̀wù kan sílẹ̀ de Amos, ó sì yan èyí tó gùn díẹ̀, torí wọ́n ní ó ti ga sí i.

Ogun parí ní oṣù àkọ́kọ́ ọdún 1970. Àwọn ọmọ ogun ń bọ̀ wálé. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Ògúnṣẹ̀yẹ kì í dúró sí ibi tó yẹ kí gáàdì dúró sí mọ́. Á máa ti inú yàrá ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, á máa wo ojú gbogbo ẹni tó wọṣọ sójà, àwọn tó sùn, àwọn tó fi fìlà bojú. Bí ó bá délé, kò ní sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun wá ẹnikẹ́ni. Ó ṣe èyí títí kò fi sí sójà nínú ọkọ̀ mọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí Igbona, ó ń béèrè ilé Ọ̀gá Rélùwéè. Béjidé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni, apá rẹ̀ òsì kò ṣeé nà mọ́. Ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Amos wà lójú ogun. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Bàbá, Màmá, mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín."

"Wọ́n sọ kí ni?" ni Adétutù béèrè.

Béjidé ń wo ilẹ̀. "Amos ti sùn, Màmá. Ẹ̀bá odò kan ni ìbọn ti bá a. Lójú mi ni. Èmi àti àwọn mìíràn la sin ín."

Ògúnṣẹ̀yẹ di apá àga mú. "Nígbà wo?"

"Ó pẹ́, Bàbá. Ó ku bí oṣù méjì kí Kérésìmesì ọdún kejì ogun dé ni. A ṣe Kérésìmesì yẹn láìsí i."

Adétutù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ba Béjidé lẹ́rù. "Ẹlòmíràn lẹ sin, ọmọ mi. Lẹ́yìn Kérésìmesì ni mo rí Amos. Nínú tẹlifíṣọ̀n yìí ni. Kì í ṣe èmi nìkan, Nọ́síràtù náà rí i."

Béjidé bú sẹ́kún. Adétutù gbé oúnjẹ fún un, ó ní kó má sunkún, pé ogun ló da ojú rú fún un.

Ọ̀sẹ̀ lọ, òmíràn dé. Ògúnṣẹ̀yẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìn òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìpetu. Ó ní àwọn àgbà sọ pé ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Adétutù ní ẹni tó bá ṣòkú ọmọ òun láàyè, òun àti onítọ̀hún á jọ lọ. Níkẹyìn, Ògúnṣẹ̀yẹ la ojú títì kọjá, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti ń gbé Igbona, ó wọ ilé Mùstàfá.

"Nọ́síràtù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ọkùnrin orí afárá yẹn, ṣé Amos ni?"

Nọ́síràtù sunkún kó tó dáhùn. "Bàbá, kì í ṣe òun. Onírùngbọ̀n ni. Tẹlifíṣọ̀n tiwa tóbi, mo rí i kedere. Àánú Ìyá Amos ló ṣe mí."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá Ògúnṣẹ̀yẹ padà. Ó kúnlẹ̀ síwájú Adétutù, ó jẹ́wọ́. Adétutù ń já ewébẹ̀ lọ́wọ́. Kò dáwọ́ dúró.

"Ti àkọ́kọ́, ìwọ lo rí i," ló sọ fún Nọ́síràtù. "Ẹ̀ẹ̀kejì tí kì í ṣe òun, ìwọ náà lo rí i. Kí ni èmi wá rí? Máa lọ ilé rẹ. N ò bá ọ jà."

Nígbà tí Nọ́síràtù lọ tán, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ wà, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kò yí i padà lọ́jọ́ náà pàápàá.

"Ìgbà tó wà láyé, tí wọ́n fi hàn, ẹ ní ká dúró. Ìgbà tẹ́ ẹ wá rà á, ó ti kú. Ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ra kékeré, kẹ́ ẹ má baà rí ojú ẹ̀."

Ògúnṣẹ̀yẹ la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó jáde lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Wọ́n ṣe ìsìn náà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà lórí ibojì tí kò sí òkú nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sí Òṣogbo, Adétutù kò di ẹrù. Ó ní òun á kọ́kọ́ bá àwọn ẹ̀gbọ́n òun ṣa obì. Ògúnṣẹ̀yẹ rò pé oṣù kan ni. Oṣù náà di ọdún. Ó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, Adétutù ń dá a padà pẹ̀lú ẹni tó mú un wá, pẹ̀lú ìkíni tó péye, pé kí wọ́n bá òun kí Bàbá, kí wọ́n ní òun ń kí wọn kú iṣẹ́.

Ògúnṣẹ̀yẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè lọ́dún 1974. Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ kan tipẹ́, ó sì ṣe é: ó fi tẹlifíṣọ̀n kékeré náà ta ẹnì kan lọ́rẹ, ó ra ńlá, ńlá tó ju ti Mùstàfá lọ. Ó gbé e sí ọ̀kánkán àga tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀la rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpetu.

Ó bá Adétutù lábẹ́ àtíbàbà etí títì, láàárín agbọ̀n obì, tó ń ṣa èyí tó ti ní kòkòrò sọ́tọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un, ó wá àga fún un. Ọkùnrin náà mu omi tán, ó di ife mú.

"Mo ti ra ńlá, Adétutù," ló sọ. "Ojú èèyàn ń hàn nínú ẹ̀ kedere. Wá ká máa lọ sílé."

Adétutù mú obì kan, ó fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, ó jù ú sínú agbọ̀n èyí tí kò dára.

"Ta ni ẹ fẹ́ ká máa wò nínú ẹ̀, Bàbá Amos?"

Kò pariwo. Bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ló ṣe béèrè é. Ó dìde lọ gbé oúnjẹ fún un, torí ọ̀nà Òṣogbo jìn. Ògúnṣẹ̀yẹ jẹ ìwọ̀nba tó lè jẹ. Ọkọ̀ kan tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ dúró, ọkùnrin náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó jókòó ti àwọn tó ń gbé iṣu lọ sí Iléṣà. Adétutù ti jókòó padà sídìí obì rẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó gbéra.